Ẹ Má Tíì Da Hóró Irúgbá Yẹn Nù

Gbólóhùn kan wà tí wọ́n ti sọ tó bẹ́ẹ̀ ní nọ́sìrì ẹ̀ka wa tí ó ti fẹ́ di oríkì: "Irúgbìn yẹn ò dáa." Akẹ́kọ̀ọ́ á gbin hóró irúgbá 50 sínú ọ̀rá dúdú, á bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún á hù, á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé irúgbìn náà kò dára. Alábòójútó á buwọ́ lù ú. Wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá sẹ́yìn ọgbà, ó parí. Ẹ wá padà lọ wo ẹ̀yìn ọgbà yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá irúgbá tó ti yọrí láàárín koríko, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí.

Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn hóró tí à ń pè ní òkú kò kú rárá. Ńṣe ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí, àwa ni a kò sì kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde tí ẹ ń bójú tó nọ́sìrì káàkiri, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ. Igi tí hóró rẹ̀ kò bá hù ní nọ́sìrì kì í dé oko ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèpo hóró irúgbá ṣe le tó, kó má wulẹ̀ lọ sí yàrá ìṣàyẹ̀wò. Kó lọ jókòó ti ìyá tó ń ṣe irú. Wọ́n á gbé hóró náà kaná ní ìrọ̀lẹ́, igi ńlá ńlá lábẹ́ ìkòkò, iná á máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, nígbà mìíràn ju wákàtí 12 lọ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, èèpo náà kò tíì bọ́ fúnra rẹ̀ o. Wọ́n á tún gún un nínú odó, tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú iyanrìn, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ kí èèpo dúdú náà lè ṣàn lọ. Wọ́n á tún un sè, kí wọ́n tó wá bò ó fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó lè di irú. Hóró tó bá iná jà ní odindi òru yìí ni àwa ń fi gbígbẹ sínú iyẹ̀pẹ̀, tí a sì ń wo aago.

Nígbà tí mo wà ní Òkè-Ògùn fún oṣù mẹ́fà tí a fi ń kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo bi ìyá kan tó ti ń ṣe irú láti kékeré pé, "Màmá, ṣé ẹ ti gbin igi irú rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ta ní ń gbin igi irú? Ibi tí bàbá ọkọ mi bá a ni àwa náà bá a."

"Ẹ ò wá gbìyànjú ẹ̀ wò, mà?"

"A gbìyànjú ẹ̀. Ó lóun ò hù."

Ó yíjú padà sí ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ ni mo rí àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo rò pé irúgbá ni. Ẹ̀wà sóyà ni. Ó ní irúgbá ti wọ́n jù, pé òun ti ń pò ó mọ́ sóyà, àwọn oníbàárà ò sì mọ̀. (Èmi mọ̀. Irú sóyà kì í ta sánsán bí irú gidi.)

Mo ń rò ó títí mo fi délé. Irúgbá tó wà lóko wọn lónìí jẹ́ èyí tí àwọn àgbẹ̀ dá sí nígbà tí wọ́n ń ṣán oko, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbìn. Èyí tó bá darúgbó tó wó, kò sí ọmọ rẹ̀ kan tí wọ́n fi rọ́pò. Àwọn ènìyàn náà kò kórìíra igi yìí o. Wọ́n ti gbin hóró rẹ̀, wọ́n dúró, kò hù, wọ́n sì gba ti Ọlọ́run. Ohun tó yẹ kí ẹni kan wá sọ fún wọn kò ju ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àwa tí a ń gba oyè lórí ọ̀rọ̀ igi ló sì yẹ kó jẹ́ ẹni náà.

Kí ló wà lára èèpo yìí gan-an? Inú ìdílé ẹ̀wà ni irúgbá wà, òun àti àrìdan, awin, obò, àjàgbọn, àti pánṣẹ́kẹ́ tó máa ń ta òdòdó pupa lẹ́bàá títì. Èèpo hóró wọn ní ìpele kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n dúró ní òró, tí wọ́n sì fún mọ́ ara wọn bí igi ọgbà tí ewúrẹ́ kò lè ki orí bọ̀. Ohun tí ń lé omi sẹ́yìn tún wà lára wọn. Ojú kékeré kan wà lára hóró, níbi tó ti so mọ́ inú àkọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn kan nínú ìdílé yìí, ojú yẹn ń ṣiṣẹ́ bí ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà jáde ṣùgbọ́n tí kò lè gbà wọlé: nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ó ṣí kí ọ̀rinrin inú lè jáde, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù, ó pa dé. Ìdí nìyẹn tí hóró tí ọyẹ́ ti fẹ́ lù fi máa ń le ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú náà ni ibi tí èèpo ti rọ díẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ooru tó bá pọ̀ tó máa ń là. Ìdílé mìíràn ni oṣè, igi tí apá ènìyàn kì í ká, ibi tí ilẹ̀kùn tirẹ̀ wà sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá rẹ hóró sínú omi tútù fún ọjọ́ mẹ́ta tí kò tóbi sí i rárá, ẹ má sọ pé ó ti kú. Omi kò wọlé ni. Hóró tó kú gan-an sábà máa ń mumi, á wú, á rọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Èyí tó ṣì le gbagidi lẹ́yìn oṣù kan nínú iyẹ̀pẹ̀ tútù gan-an ni ìrètí wà fún. Àjọ àgbáyé tó ń ṣòfin ìdánwò irúgbìn, ISTA, mọ èyí dáadáa. Nínú ìwé èsì tiwọn, hóró líle ní ààyè tirẹ̀, wọn kì í kà á mọ́ òkú. Fọ́ọ̀mù tí à ń lò ní nọ́sìrì wa ní ààyè méjì péré: "hù" àti "kò hù". Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lójú tèmi. Ohun tí fọ́ọ̀mù kò bá bi akẹ́kọ̀ọ́, kò ní wò ó.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mò ń sọ àsọdùn lórí bí hóró líle ṣe lè pẹ́ tó, kó gbọ́ èyí. Ní ọdún 1793, wọ́n kó hóró igi kan láti Ṣáínà lọ sí London, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum. Albizia julibrissin ni orúkọ igi náà, ọ̀kan náà ni òun àti ayùnrẹ́ tiwa, ìyẹn àwọn Albizia tó ń hù nínú igbó wa. Hóró yẹn wà níbẹ̀ ní gbígbẹ. Ní ọdún 1940, nígbà ogun, àdó olóró dá iná sílé náà, àwọn panápaná sì da omi sí i. Omi náà dé ibi tí àwọn hóró wà. Wọ́n hù. Ọdún 147 ni wọ́n ti wà níbẹ̀! Ẹni tó bá yẹ̀ wọ́n wò ní ọdún 1939 pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tiwa, "irúgbìn yìí ò dáa" ni yóò kọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa ń sọ sí èyí. Wọ́n á ní kí a fi igi sílẹ̀ fún ìṣẹ̀dá, nítorí igbó ti ń hù kí a tó dé. Òótọ́ ni, ọgbọ́n igi náà sì jinlẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ a máa tanni jẹ: ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, kí ọ̀dá sì tẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí gbogbo hóró bá gba òjò yẹn gbọ́, gbogbo wọn á kú. Nítorí náà, díẹ̀ á hù lọ́dún yìí, díẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ìyókù á dúró de iná ọ̀dàn, tàbí ikùn màlúù àti ewúrẹ́, tàbí oòrùn àti òjò tó máa ń jẹ èèpo díẹ̀díẹ̀. Ó dára fún igbó. Ṣùgbọ́n igi ní ọgọ́rùn-ún ọdún láti fi dúró, ó sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró láti fi ṣòfò. Nọ́sìrì ní àsìkò òjò kan ṣoṣo, àgbẹ̀ tó bá sì bu ẹ̀kúnwọ́ hóró kan kò ní padà wá bu òmíràn bí ti àkọ́kọ́ kò bá hù.

Irinṣẹ́ tí mo fara mọ́ jù ni ìgé-èékánná. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí ẹ fi ń gé èékánná yín gan-an. Ẹ di hóró mú, ẹ wá ojú rẹ̀, kí ẹ sì gé èèpo díẹ̀ ní ìdí kejì, èyí tó jìnnà sí ojú náà jù, nítorí ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn ni ọlẹ̀ inú hóró wà, ibẹ̀ ni gbòǹgbò àkọ́kọ́ yóò sì ti yọ. Kì í ṣe gígé jíjinlẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i pé àwọ̀ yí padà, tí inú hóró fúnfun tàbí aláwọ̀ ewé rànìnrànìn hàn bí orí abẹ́rẹ́, ó tó. Ẹni tí kò bá ní ìgé-èékánná lè fi sáńpépà ha á, tàbí kó ha á mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi tútù mọ́jú. Ní òwúrọ̀, hóró tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí á ti wú débi pé ojú lásán á rí i. Ẹ gbin ìyẹn lọ́jọ́ náà. Èyí tí kò bá wú, ẹ tún un gé. Ìdánwò wíwú yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ nọ́sìrì, torí pé láàárín ọjọ́ kan ó sọ fún yín ohun tí iyẹ̀pẹ̀ á fi oṣù méjì pa mọ́.

Àwọn kan máa ń wo ìgé-èékánná bí nǹkan eré, pé kò jọ ti onímọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó dára, ní Millennium Seed Bank ti Kew, ní gúúsù England, níbi tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn igbó láti gbogbo ayé, fífi abẹ rẹ́ èèpo hóró líle kí wọ́n tó dán an wò jẹ́ iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn mọ́. Abẹ tiwọn lè mú ju ìgé-èékánná wa lọ. Iṣẹ́ kan náà ni.

Ohun tó burú nínú ọ̀nà yìí ni pé ó ń gba ọwọ́. Ènìyàn méjì tó jókòó, tí ìtàn wà lẹ́nu wọn, lè gé 200 láì mọ̀ pé àwọn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 5,000 ti di ìyà. Fún ẹni tí hóró rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, omi gbígbóná ni mo máa sọ, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń ba nǹkan jẹ́ jù.

"A lo omi gbígbóná." Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ àṣekágbá ṣe kọ ọ́, ó parí. Omi tó gbóná báwo? Omi mélòó sí hóró mélòó? Inú kí ni? Omi híhó nínú ife kékeré á lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ kí ẹ tó kàwé dé ojú ewé kejì. Omi híhó nínú garawa onídèérí á ṣì lè jó yín lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Hóró tó wà nínú ife àti èyí tó wà nínú garawa kò rí ooru kan náà rárá, bí akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì tilẹ̀ kọ "omi híhó" sínú ìwé wọn. Ẹ wá ń yà wá lẹ́nu pé èsì ti èsí kò bá ti ọdún yìí mu. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ nọ́sìrì ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ hó omi, kí ẹ gbé e kúrò lórí iná (kúrò o, ẹ má sè é bí ẹni ń ṣe irú, nítorí ọlẹ̀ á jinná), kí ẹ da hóró sí i, ife hóró 1 sí ife omi 5 títí dé 10, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ẹ ṣa àwọn tó wú, ẹ gbìn wọ́n, kí ẹ sì tún ṣe ìyókù. Ẹ fi 20 dán an wò kí ẹ tó fi 2,000 ṣe é, torí irúgbá ti èsí tó ti gbẹ nínú àpò kò rí bí irúgbá tí ẹ já lọ́sẹ̀ tó kọjá, hóró inú ìlú kan sì lè le ju ti ìlú kejì lọ. Kò sí iye ìṣẹ́jú kan tó bá gbogbo rẹ̀ mu.

Mo wá dé orí ásíìdì, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà níbí. Bí ẹ bá ṣí àwọn iṣẹ́ àṣekágbá tó wà ní pẹpẹ ìwé ẹ̀ka wa lórí hóró líle, ọ̀pọ̀ ló parí sí gbólóhùn kan: ásíìdì sulphuric tó kún, ìṣẹ́jú báyìí báyìí, òun ló dára jù. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ti oṣè tilẹ̀ le débi pé ìwé ìwádìí á ní kí ẹ rì í sínú ásíìdì yìí fún wákàtí 6 sí 12. Ìbéèrè tèmi ni pé ta ni à ń bá sọ̀rọ̀? Ìyá onírú ní Òkè-Ògùn kò ní yàrá ìṣàyẹ̀wò. Ọ̀gá nọ́sìrì lẹ́bàá títì kò ní ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú. Ohun tí wọ́n lè rí ni ásíìdì bátìrì, èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ju ásíìdì lọ, tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú tí ìwé yín kọ kò bá a mu rárá, síbẹ̀ tó ṣì lè jó awọ ara, kó sì fọ́ ojú. Bí ẹni kan bá ka iṣẹ́ wa, tó lọ da omi sínú ásíìdì tó kún dípò kó máa rọra da ásíìdì sínú omi, ó lè hó ta sí i lójú. Ta ni yóò dáhùn fún un?

Èmi kò sọ pé kí a lé ásíìdì kúrò. Yàrá ìṣàyẹ̀wò ni ààyè rẹ̀, níwájú olùkọ́, fún ẹni tó ń wádìí bí èèpo ṣe rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ àṣekágbá tó bá fẹ́ fi ásíìdì parí gbọ́dọ̀ gbé ìgé-èékánná àti omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi jura lọ. Bí ásíìdì bá hu 90 nínú 100, tí ìgé-èékánná hu 85, ìgé-èékánná ló borí lọ́dọ̀ mi. Márùn-ún yẹn kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí ẹ̀ fọ́ ojú.

Gbogbo ìfiwéra yìí kò sì wúlò bí kò bá sí àwọn hóró tí a kò ṣe ohunkóhun sí, tí a gbìn lọ́jọ́ kan náà, sínú iyẹ̀pẹ̀ kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹyẹ dodo (kì í ṣe dòdò tí à ń fi jẹ ẹ̀wà o). Ẹyẹ ńlá kan tí kì í fò ni, ní erékùṣù Mauritius, wọ́n sì pa á run ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé sẹ́yìn. Ní ọdún 1977, onímọ̀ kan, Stanley Temple, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé igi kan ní erékùṣù náà kò bímọ mọ́ nítorí hóró rẹ̀ líle ní láti gba inú ikùn dodo kọjá kó tó lè hù. Ó fi 17 bọ́ tòlótòló. Àwọn kan fọ́ nínú wọn, 3 sì hù nínú àwọn tó jáde ní pípé. Gbogbo ayé fẹ́ràn ìtàn náà. Ṣùgbọ́n kò gbin àwọn hóró tí tòlótòló kò jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti fi wéra. Àwọn mìíràn wá fi hàn lẹ́yìn náà pé hóró igi yẹn lè hù láìsí ẹyẹ kankan, àti pé àwọn igi kan wà tí wọ́n hù lẹ́yìn tí dodo ti tán. Bí ọ̀mọ̀wé tí ìwé rẹ̀ dé irú ibẹ̀ bá lè fi àfiwé sílẹ̀, ẹ̀yin ará ìpele 400, ẹ ṣọ́ra.

Kí n tún kìlọ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi omi híhó pa igi tí kò ṣẹ nítorí ohun tí mo kọ. Hóró líle nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Hóró ìrókò kéré, èèpo arère fẹ́lẹ́, omi gbígbóná á pa wọ́n ni. Kòkó àti obì kì í fẹ́ kí a gbẹ wọ́n rárá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti sísè. Tíìkì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: egungun èso rẹ̀ nípọn, wọ́n sì máa ń rẹ ẹ́ sínú omi lálẹ́, wọ́n á sá a sóòrùn lọ́sàn-án, ọjọ́ púpọ̀ léra, kó tó gbà. Ẹ wo hóró kí ẹ tó fi nǹkan kàn án. Ẹ rẹ mẹ́wàá sínú omi tútù di ọjọ́ kejì. Bó bá wú fúnra rẹ̀, kò nílò yín.

Mo mẹ́nu ba tíìkì, mo sì fẹ́ sọ ohun tó ń dùn mí nípa rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí àsìkò gbígbin igi bá dé, àwọn ènìyàn ńlá á wá, a ó ya fọ́tò, igi tí a ó sì gbìn á jẹ́ tíìkì tàbí gmẹlíná, tàbí igi ọ̀ṣọ́ tó ga tẹ́ẹ́rẹ́. Ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo wọn ti wá. Àwọn kan ń sọ pé nítorí a kò fẹ́ràn tiwa ni. Mi ò gbà. Mo ti bi àwọn tó ń ta èèhù igi, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ń gbin ohun tí àwọn mọ̀ pé yóò hù, tí yóò sì ga bákan náà ní ọjọ́ tí oníbàárà bá dé. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ gmẹlíná àti bí wọ́n ṣe ń sá tíìkì nítorí pé ẹnì kan kọ́ wọn. Àrìdan, awin àti irúgbá kò rí ẹni kọ́ wọn. Kò sí ìfẹ́ ìbílẹ̀ tó lè rọ́pò ìmọ̀ yẹn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ ẹ̀ka, kò sì sí èyí tó ní owó nínú. Àkọ́kọ́, kí a fi ààyè kẹta sí fọ́ọ̀mù nọ́sìrì: hù, rà, ṣì le. Ẹni tó bá rí hóró tó ṣì le ní òpin ìdánwò, kó gé e, kó rẹ ẹ́, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó gba máàkì. Èkejì, kí gbogbo ọmọ ìpele 200 gba hóró irúgbá 40 ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wọ nọ́sìrì, 20 kí wọ́n gé, 20 kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Èmi kò mọ ẹ̀kọ́ tó lè yára wọ ènìyàn lára bí ìyẹn.

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà níta. A nílò ìwé àkọsílẹ̀ kan tí yóò máa gbé orúkọ igi, ìlú tí hóró ti wá, ọjọ́ tí a já a, ohun tí a ṣe sí i, iye omi, àti iye tó hù ní ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkẹjọ. Ọdún márùn-ún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á wúlò fún ọ̀gá nọ́sìrì ju pẹpẹ iṣẹ́ àṣekágbá tí kò bá ara wọn mu lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣakí, Ìṣẹ́yìn, Kíṣì, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni irúgbá máa ń gbó. Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ bá wa já díẹ̀ lára igi tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ fọ ìyẹ̀fun yẹ́lò ara rẹ̀ kúrò tàbí kí ẹ fún àwọn ọmọ lá, ẹ yọ èyí tí kòkòrò ti dá lu, ẹ sá ìyókù sí ibòji, kí ẹ sì fi ìwé dì í. Ẹ má fi ọ̀rá dì í nígbà tó bá ṣì tutù, á bu. Orúkọ abúlé àti ọjọ́ tí ẹ já a nìkan ni kí ẹ kọ sára rẹ̀, nọ́sìrì á ṣe ìyókù. Ìgé-èékánná ti wà nílẹ̀.